Ẹyẹ Kan Ń Jẹ́ Ìbàdàn

Ìyá tó ń ta lẹ́kúlẹ́jà ní Ọjà'ba gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí ìró nu ojú rẹ̀, wọ́n sì nà án jìnnà bí àgbàlagbà ti máa ń ṣe. Àwòrán ẹyẹ kan ló wà lójú fóònù náà. Lẹ́yìn wọn, lórí pákó tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, ìyẹ́ ẹyẹ àti orí ẹyẹ gbígbẹ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, pẹ̀lú egbò, èèpo igi àti ìkarahun ìgbín. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti gba àtẹ náà, ọwọ́ ìyá tiẹ̀ ni ìyá wọn náà ti gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ orúkọ ẹyẹ ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni kó wá. Mo ti jókòó tì wọ́n rí tí wọ́n ń ka agbe, àlùkò, ẹ̀lulùú, àgbìgbò, àkókó àti òwìwí fún oníbàárà, tí wọ́n ń sọ èyí tó ń gbé igbó àti èyí tó ń gbé ọ̀dàn, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ara rẹ̀.

“Ẹ̀gà ni,” wọ́n ní. Wọ́n tún wò ó. “Àbí? Ta ló wá fi osùn kun ẹ̀gà lórí báyìí?”

Mo ní, “Ẹ̀gà ni lóòótọ́, Ìyá, ẹbí kan náà ni wọ́n. Àmọ́ orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́. Gbogbo àwọn tó mọ̀ nípa ẹyẹ láyé, Ibadan Malimbe ni wọ́n ń pè é.”

“Ìbàdàn wa yìí?”

“Ìbàdàn wa yìí, Ìyá.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n dá fóònù padà fún mi. “Kò dé àtẹ yìí rí. Èmi ò rí i, ìyá mi ò sì dárúkọ rẹ̀ fún mi. Níbo ló ń gbé?”

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé relé lọ́jọ́ náà.

Bẹyẹrúnkà ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo gbà pé ẹyẹ kan ń bẹ nínú orúkọ àdúgbò wa, torí bí ó ṣe ń dún létí ọmọdé nìyẹn, mo sì máa ń wo òkè bóyá màá rí i. Ẹyẹ kò wọ́n lójú ọ̀run Ìbàdàn nígbà náà. Igún a máa bà sórí òrùlé páànù tó ti dípẹtà, láti Bẹẹrẹ títí dé ìsàlẹ̀ Màpó, wọn a na ìyẹ́ méjèèjì sí oòrùn àárọ̀ bí ẹni sá aṣọ. Bí ẹran bá kú sí ìdí ọjà, kí aráàlú tó mọ̀, igún ti mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í sọ òkò lù wọ́n. Àwọn àgbà ti sọ fún wa pé èèwọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àwòdì a dé, wọn a máa rà bàbà lókè ọjà, àwọn ìyá wa a sì máa hó lé wọn lórí kí wọ́n má baà gbé òròmọdìẹ lọ. Bí ọ̀wọ́ lékèélékèé bá ń kọjá lọ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ ilé la máa ń sáré jáde, a ó na ọwọ́ sí wọn, a ó máa gbọn ìka pé kí wọ́n bùn wá ní funfun. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó bá rí àmì funfun lórí èékánná rẹ̀ yóò máa fi han gbogbo kíláàsì.

Igún ti tán lórí òrùlé wa. Wọn kò lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣe ni wọ́n ń dín díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí ọmọ mi bi mí pé báwo ni igún ṣe rí, tí mo gbójú sókè láti Bẹẹrẹ dé Màpó, tí kò sí ẹyọ kan tí mo lè nàka sí. Ìyá lẹ́kúlẹ́jà sọ fún mi pé èyí tí àwọn ń rí báyìí, òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, owó rẹ̀ sì ti lé sókè. Ní 2015, àjọ IUCN tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun láyé gbé irú igún tiwa yìí sí ìpele tó burú jù lọ, ìpele tó jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀dá máà sí nínú igbó mọ́ ló kù. Májèlé ń pa á, àwọn tó ń fi ṣe oògùn ń rà á. Igún rèé o, ẹyẹ tí a mọ̀, tí a ní orúkọ àti èèwọ̀ fún, tó ń bà sórí òrùlé ilé bàbá wa. Bí èyí bá lè lọ lójú wa, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹyẹ tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà?

Àbúrò kan ládùúgbò wa, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ìgbẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ fi àwòrán ẹ̀gà pupa náà ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọmọ ìlú yín.”

Bí ẹ bá bi àgbàlagbà kan ní Màpó léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1958, ikú Adégòkè Adélabú, gbajúmọ̀ olóṣèlú ìlú wa, ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀: ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ìjàǹbá ọkọ̀ ní Òde Rẹ́mọ, àti bí gbogbo Ìbàdàn ṣe dàrú. Ọdún kan náà ni John Elgood, olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kọ ọ́ sínú Ibis, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ẹyẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹyẹ kan ń bẹ ní Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ó sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. Orúkọ àkọ́kọ́ wá láti Malimbe, tí wọ́n ń pè ní Malembo lónìí, ní etíkun Cabinda ní ilẹ̀ Àǹgólà. Ìbàdàn ni orúkọ kejì. Ìlú tó ń sunkún Adélabú kò ráyè gbọ́ nípa ẹyẹ, ta ni yóò sì bá a wí? Àmọ́ ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ó yẹ kí ìròyìn náà ti dé Ọjà'ba.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni bí ilé ẹyẹ náà ṣe kéré tó. Ẹ fi okùn kan so Ìbàdàn mọ́ Ifẹ̀, kí ẹ fà á dé Ìpẹru, kí ẹ fà á dé Ìlaròó, kí ẹ sì dá a padà sí Ìbàdàn: inú okùn yẹn ni gbogbo ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n wà. Kò sí ní Gánà, kò sí ní Kamẹrúùnù, kò sí níbòmíràn lábẹ́ ọ̀run. Ilẹ̀ Yorùbá nìkan ló ni ín, apá kékeré kan nílẹ̀ Yorùbá sì ni. IUCN ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun. Shiiwua Manu, onímọ̀ ẹyẹ ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rin àwọn igbó tó kù ní ìhà yìí já, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 2005. Ohun tí wọ́n wá wò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyẹ yìí àti ẹbí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gé igbó kan sí wẹ́wẹ́, tí oko, títì àti ilé wá wà láàárín ìkan àti ìkejì.

Ẹgbẹ́ àwọn awo-ẹyẹ kan wà nílùú wa, Ibadan Bird Club ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn káàkiri Nàìjíríà ń ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan, ó kéré tán yóò lo wákàtí méjì níbẹ̀, yóò sì kọ gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. APLORI, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, ló ń darí iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Àbúrò yẹn ló mú mi mọ̀ wọ́n.

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn lọ, aago márùn-ún àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo ti wà ní Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń gbálẹ̀ àti ìyá kan tó ń dáná àkàrà nìkan ló wà níta. Takisí Micra kan gbé mi dé Òjòó, òmíràn gbé mi dé ẹnu géètì IITA lọ́nà Ọ̀yọ́. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000. Iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ayé fi mọ̀ wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní Ìbàdàn kò mọ̀ ni pé nǹkan bíi hẹ́kítà 350 nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Abúlé àti oko wà lára ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi wáyà yí i ká, tí àdá àti iná kò wọ ibẹ̀ mọ́, igi ti padà hù, ìtàkùn ti fà, ẹyẹ tó lé ní oríṣi 250 ni wọ́n sì ti rí níbẹ̀.

Etí omi la ti bẹ̀rẹ̀. Odò tí wọ́n sé níbẹ̀ ti di adágún ńlá, ojú ọ̀nà tí a ń tọ̀ sì gba àárín eèsún àti àbàtà lọ sínú igbó. Ẹni tó ń ṣíwájú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ohùn jẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀, ti kìlọ̀ fún wa: ẹ má wọ aṣọ funfun, ẹ má nàka, ẹ má kígbe bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ kàn sọ ibi tó wà. Wọ́n yá mi ní awò onígò méjì tí ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí. Lórí òṣíbàtà tó bo ojú omi, ẹyẹ aláwọ̀ iyanrìn pupa kan ń rìn, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò rì, ewé kò sì tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nínú ẹyẹ yìí, wọ́n sọ fún mi, akọ ló ń sàba, akọ ló ń tọ́mọ; bí ewu bá dé, yóò kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, yóò sì gbé wọn sá lọ, ẹsẹ̀ wọn a máa fì dirodiro nísàlẹ̀. Ẹyẹ apẹja dúdú-funfun kan dúró lójú òfurufú, ó ń gbọn apá síbì kan náà bí ẹni tí wọ́n fi okùn so rọ̀, lójijì ló já lulẹ̀ sínú omi, ó sì gbé ẹja jáde. Mo lè wo ìyẹn títí di ọ̀sán. Àmọ́ nítorí ẹ̀gà pupa la ṣe wá, inú igbó lẹ́yìn omi ló sì ń gbé, lókè, láàárín ewé igi ńlá.

A kò rí i lọ́jọ́ náà. Ohun kan ṣẹlẹ̀ tí n kò gbàgbé. Ẹyẹ kan tó pupa tó sì dúdú fò kọjá lókè orí wa, ó bọ́ sínú ewé arère, ó sì pòórá. Gbogbo wa ló rí i. Èmi ti ń yọ̀. Ẹni méjì ní òun ni, òun gan-an ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, “Ta ló rí abẹ́ ìrù rẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó ṣàlàyé fún èmi tí mo jẹ́ àlejò. Ẹ̀gà pupa pọ̀ ní oríṣi, àwọn bíi mélòó kan nínú ẹbí náà ló ń gbé igbó yìí. Ọ̀kan wà tó jọ tiwa púpọ̀, àmọ́ abẹ́ ìrù rẹ̀ pupa. Ẹ̀gà Ìbàdàn kò ní pupa lábẹ́ ìrù. Pupa tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí, ó bo ọrùn, ó sì ṣàn dé àyà. Ẹni tí kò bá rí abẹ́ ìrù kò lè búra. Nítorí náà, wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la fi rìn, àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti jí láago mẹ́rin, ó sì wù wọ́n ju ohunkóhun lọ kí wọ́n kọ orúkọ yẹn sínú ìwé. Wọn kò kọ ọ́. Mo ti bá onírúurú ènìyàn ṣiṣẹ́ láyé mi, mo sì mọ bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó kí ọmọ aráyé sọ pé òun kò rí ohun tó wu òun láti rí.

Ìgbà kejì, òjò lé wa padà.

Ìgbà kẹta, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù, gbogbo ewé ń kán tótó. Mo ti ń ronú pé a ó tún padà lọ́wọ́ òfo nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè tí gbogbo wa dúró. Mo gbọ́ ohùn kan lókè: ó ké kúkúrú kúkúrú léraléra, ó wá fi nǹkan kan parí rẹ̀ tó ń falẹ̀, tó ń ta ṣáá, bí epo gbígbóná ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ju àkàrà tútù sínú agbada. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà ní ohùn ẹyẹ yìí lórí fóònù wọn, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ kó ké kí ẹyẹ sì jáde wá. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Bí ẹyẹ bá gbọ́ ohùn ẹlòmíràn nínú ilé rẹ̀, yóò pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, yóò máa wá ọ̀tá tí kò sí kiri, ẹyẹ tó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ báyìí kò yẹ fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. A dúró. Ẹ̀fọn jẹ wá. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, “Àràbà yẹn, apá ọ̀tún, ìdí ìtàkùn tó lọ́.”

Akọ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó so rọ̀, orí sísàlẹ̀, lára ìtàkùn tó há mọ́ ewé gbígbẹ. Ó ń fi ẹnu tú ewé náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń wo inú rẹ̀, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń tú owó nínú gèlè. Ó fa kòkòrò kan yọ, ó gbé e mì. Ó wá yíjú sí wa. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún pupa yẹn ju èyí tí Ìyá ti sọ lọ: osùn ni, osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lórí ọlọ tí omi rẹ̀ kò tíì gbẹ, láti àtàrí dé àyà. Dúdú yí ojú rẹ̀ ká bí ẹni lé tìróò kọjá ààlà. Ìyókù ara rẹ̀ dúdú kirikiri. Ó gbé ìrù sókè láti fò, gbogbo wa ló sì rí i: abẹ́ ìrù rẹ̀ dúdú.

Abo tẹ̀ lé e jáde láti inú ewé, pupa tirẹ̀ kò pọ̀ tó ti akọ. Wọ́n bà síbì kan náà, wọ́n fẹnu kan ara wọn, wọ́n fò wọ inú igbó lọ. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo aago, ó kọ 7:42 sílẹ̀, ó kọ orúkọ, ó kọ 2 síwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó ti rí i ju ìgbà kan lọ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Bẹẹrẹ, ohun tí mo ń rò ni orúkọ ìlú wa. Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Àwọn tó sọ ìlú yìí lórúkọ mọ ibi tí wọ́n dúró sí: ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn. Igbó ló wà lẹ́yìn wọn, òun ló fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀tá. Àwọn àgbà wa ń sọ ọ́ títí dòní, a sì ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ọdún Òkè'Bàdàn, pé nígbà tí ogun lé àwọn ará àkọ́kọ́ gun òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ tí wọn kò fi kú, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi ṣe abọ́. Igbó ló kọ́kọ́ bọ́ Ìbàdàn kí Ìbàdàn tó ní oko. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ ìlú yìí dó sí ìdí Ọjà Ìba ní 1829, ó ṣeé ṣe kí irú ẹ̀gà yìí ti máa ké lórí igi tí wọ́n pàgọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ náà kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Àwa la bá a níbẹ̀.

Igbó tó fẹ̀yìn tì Ìbàdàn nígbà náà ti di Mọ́kọ́lá, ó ti di Òkè Àdó, ó ti di Òjòó. Èmi kò bínú sí ìyẹn. Ilé ni ènìyàn ń gbé, inú ilé ni wọ́n bí mi sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé èyí tó kù náà, a kò wò ó bí ohun ìní. A ń wò ó bí ilẹ̀ tí ẹnìkan kò tíì rà. Wọ́n ń gé igi nínú igbó ọba, wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì wọ inú àbàtà etí Eléyẹlé, níbi dáàmù tí wọ́n ti kọ́ láti 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Mo wà ní ọmọdé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 nígbà tí Ògùnpa kún tó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Mo rí àwọn àgbà tó jókòó sílẹ̀ ní gbangba tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ya, Eléyẹlé kún àkúnya, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Igi àti àbàtà etí odò ló ń gba omi òjò sára kó tó di omíyalé. Ibi tí ẹyẹ bá ti rí ilé gbé lórí ilẹ̀ wa, ibẹ̀ náà ni omi ti ń rí ibi sinmi. N kò mọ bí ènìyàn ṣe lè ya méjèèjì.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ká mi lára, òun ló sì gbé mi padà sí Ọjà'ba. Ẹyẹ náà ní orúkọ Látìn, ó ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìlú wa sì wà nínú méjèèjì. Ní èdè wa, ẹ̀gà lásán la ń pè é, orúkọ kan náà tí a ń pe èyí tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, tó pọ̀ bí yanrìn, tó ń jẹ àgbàdo. Bí ọmọ kan bá pa ọ̀kan pẹ̀lú kànnàkànnà ní etí igbó Gàm̀bàrí lọ́la, ohun tí yóò sọ fún bàbá rẹ̀ ni pé òun pa ẹ̀gà, bàbá rẹ̀ yóò sì ní ó ṣeun. Kò sí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí yóò dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá ní ọ̀sán ọjọ́ tí a rí ẹyẹ náà, bàtà mi ṣì kún fún ẹrẹ̀. Mo ní, “Ìyá, mo rí i. Igbó kan ló ń gbé, lójú ọ̀nà Mọ́níyà.”

“O mú un wá?”

“Rárá, Ìyá. A kì í mú un. A kàn wò ó ni.”

Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo ojú mi. “Ẹ lọ láti òwúrọ̀, ẹ wò ó, ẹ sì fi í sílẹ̀?” Wọ́n kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n bi mí bí ó ṣe tóbi tó, mo fi ìka hàn wọ́n. Wọ́n bi mí bóyá osùn yẹn pupa bí ó ṣe pupa nínú fóònù. Mo ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bi mí bóyá òun nìkan ló wà, mo ní tọkọtaya ni.

Wọ́n ní, “Ẹ̀gà olósùn. Ohun tó yẹ kí ẹ máa pè é nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ rí i.” Wọ́n wá ké sí ọmọ-ọmọ wọn tó ń ṣeré lẹ́yìn pákó, ọmọbìnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. “Wá wo ẹ̀gà Ìbàdàn.” Ọmọ náà gba fóònù, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka kan kàn án lórí, ó sì wo ìka rẹ̀ bóyá osùn yóò mọ́ ọn.

Mo ti ń lo orúkọ náà láti ìgbà yẹn. Àmọ́ ọkàn mi kò gbà pé Ìyá ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọdẹ wà nílẹ̀ yìí kí Elgood tó dé, ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kì í sì rí ẹ̀dá kan léraléra kó má sọ ọ́ lórúkọ. Bí bàbá yín tàbí bàbá bàbá yín bá ti ṣọdẹ rí ní agbègbè Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìpẹru tàbí Ìlaròó, tí wọ́n sì wà láyé, ẹ wá àwòrán ẹyẹ yìí, kí ẹ fi hàn wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ sọ fún wọn pé orí rẹ̀ pupa dé àyà, pé ojú rẹ̀ dúdú, pé abẹ́ ìrù rẹ̀ dúdú. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pè é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.